Ọ̀rọ̀ Tí Etí Kò Mọ̀

Ìbíyẹmí jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń tú bóòtù ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Etí. Bóòtù náà ti dípẹtà, kò sì fẹ́ kúrò nípò rẹ̀. Ó kán epo díẹ̀ sí i, ó ní sùúrù kí epo náà rìn wọlé, ó tún fi irin yí i. Iṣẹ́ irin kò fẹ́ ìkánjú. Ẹni tó bá fi agbára yí bóòtù tó dípẹtà, orí bóòtù ni yóò kán mọ́ ọn lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ á sì jókòó pa sínú ihò bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà tó ṣí tán, ó yọ èèpo amọ̀ tó bo ẹ̀rọ náà, ó gbé e lé itan, ó sì yẹ inú rẹ̀ wò.

Kò sí ohun tó ṣe é. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Etí fi ń gbọ́rọ̀ kò ya. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó fi ń gbóòórùn èémí ènìyàn kò dí. Dígí tó fi ń ríran mọ́ kedere. Okùn tó ń gbé agbára oòrùn wá láti orí òrùlé lọ́ wọ́ọ́rọ́, bó ṣe yẹ kó rí. Irú Etí kan náà ló wà ní gbogbo agbo ilé ní Òkè-Amọ̀ àti ní gbogbo ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba, láti ìgbà tí àwọn aláṣẹ ti búra pé àjàkálẹ̀ àrùn kò ní bá orílẹ̀-èdè yìí lójú oorun mọ́. Iṣẹ́ Ìbíyẹmí ni láti máa tọ́jú wọn, ó sì fẹ́ràn wọn bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn ewúrẹ́ tó ń bí ìbejì.

"Ìbíyẹ! Wá wo nǹkan o!" Ìyá Bọ́látitó ló ń pariwo lójúde, obìnrin tí ògiri kan ṣoṣo pààlà yàrá rẹ̀ àti ti ìyá Ìbíyẹmí. "Omi mà tún ni wọ́n gbé dé!"

Ìbíyẹmí gbójú sókè. Àwọn àwòdì ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn. Kì í ṣe ẹyẹ àwòdì. Àwọn ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń kó ẹrù lójú ọ̀run ni, olúkúlùkù fi àpò omi há abẹ́ ikùn. Wọ́n sọ omi náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí pápá, nínú ẹrẹ̀ tí òjò àná dá sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò omi tí wọ́n ti kó wá tẹ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ.

"Ọmọ mi ń jó bí iná lórí ẹní, omi ni wọ́n ń kó fún wa," ni Ìyá Bọ́látitó wí. "Ṣé wọ́n fẹ́ kí á máa sin ẹja ni?"

"Ara Bọ́látitó ńkọ́?"

"Ilẹ̀ ṣì gbóná o. Ilẹ̀ gbóná gan-an ni." Ó wo Etí tó wà lórí itan Ìbíyẹmí, ó fi ìka kan ètè. "Mi ò ní pè é jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Kò sí ẹni tó ń pè é jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Òkè-Amọ̀. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn náà wọ ìlú. Yóò fi ibà bẹ̀rẹ̀, ìléròrò yóò sì tẹ̀lé e láti iwájú orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sí àdúgbò tí kò tíì gbẹ́ sàréè. Ṣùgbọ́n láyé àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti mọ̀ pé ohun búburú kì í jìnnà sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Bí o bá pè é, ó lè jẹ́ ọ. Nítorí náà ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé ó gbóná.

Nọ́ọ̀sì Láńrewájú gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ìbòmú rẹ̀ rin fún òógùn. Òun nìkan ni nọ́ọ̀sì ìlú náà, ó sì kéré sí Ìbíyẹmí lọ́jọ́ orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún mi pé ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ọ́ kí ọkàn mi balẹ̀."

"Ara rẹ̀ le ju tèmi tìrẹ lọ."

"Abẹ́rẹ́ kún Ilé Òtútù. Mo ń rí wọn lójú dígí. Mo tiẹ̀ fi èjìká gbá ilẹ̀kùn náà lánàá."

"Mo rí i bí o ṣe ń gbé apá bí adìẹ tí wọ́n jù lókò."

Àárín ìlú ni Ilé Òtútù wà. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò Òkè-Amọ̀ ló mọ ohun inú rẹ̀: ìkòkò ńlá, ìkòkò kékeré nínú rẹ̀, iyanrìn tútù láàárín méjèèjì. Afẹ́fẹ́ á máa gba ara wọn kọjá, omi inú iyanrìn á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, bó sì ṣe ń gbẹ ni yóò máa gbé ooru lọ. Abẹ́rẹ́ lè pẹ́ níbẹ̀ láìsí iná ìjọba. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ihò kọ́kọ́rọ́. Etí ló ń ṣí i, Etí nìkan. Nígbà kan rí, àwọn ọ̀gá kan purọ́ pé àrùn bẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí abẹ́rẹ́ tà sókè òkun. Láti ìgbà náà ni òfin ti kọ ohùn òṣìṣẹ́. Ohùn ará ilé nìkan ló ń gbà. Láńrewájú lè dárúkọ àrùn náà ní gbogbo èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé ìwé, bí ẹni ń bá òkúta sọ̀rọ̀ ni.

"Mo tún lọ ojúlé dé ojúlé láàárọ̀," ó ní. "Mo ní, ẹ dákun, ẹ pe ìléròrò sétí Etí. Baálé kan ní kí n kọ́kọ́ lọ pè é nílé ìyá mi."

Ìbíyẹmí kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. "Ó tọ́ sí ọ."

"Ó tọ́ sí mi. Ta ló fẹ́ ṣe ẹni àkọ́kọ́? Ilé tó bá kọ́kọ́ pè é, ọkọ̀ funfun á dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á gbé aláìsàn lọ sí Àdágbé."

Kò sí ọmọdé tí kò mọ Àdágbé. Ẹ̀yìn dígí ni olúkúlùkù ń dá gbé níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń gbé oúnjẹ fún wọn, ẹ̀rọ ló ń wọn ibà wọn. Ẹni tó bá kú, ẹ̀rọ á sun ún, eérú rẹ̀ kì í sì í padà wálé.

Ìbíyẹmí da èèpo amọ̀ padà sára Etí. Ó fi àtàǹpàkò tẹ dígí kí ó lè mọ̀ pé olùtọ́jú òun ni. Gbogbo ibi tó yẹ̀ wò lára ló pé; ó kù kó bi í ní ohun tó ń gbọ́.

"Etí, kí ni ò ń gbọ́ ní Òkè-Amọ̀?"

"Ẹ káàsán, Ìbíyẹmí." Ohùn obìnrin ni, ó dùn bí ti ẹni tó ń polówó ọṣẹ. "Ọ̀dá mú gan-an ní Òkè-Amọ̀. Gbogbo agbo ilé ló ń sọ pé ilẹ̀ gbóná. Omi ti dé. Aṣọ ìbòji ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìfaradà oòrùn."

Láńrewájú fi ìdí lélẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gùn jù, nígbà tí yóò fi parí, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

"Ó ń gbọ́ wa," ó ní. "Látọjọ́ yìí, ó ń gbọ́ gbogbo wa."

Ìbíyẹmí rántí ìgbà tí àwọn tó dá Etí wá gba àwọn orúkọ tí ará ìlú ń pe àìsàn lẹ́nu àwọn àgbà. Àwọn ará ìlú tẹ́ ẹní sábẹ́ igi odán, wọ́n fi obì ṣe wọ́n lálejò. Àwọn àgbà ka ibà, wọ́n ka ikọ́, wọ́n ka inú rírun àti làkúrègbé. Nígbà tí wọ́n kan èyí, wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n ní ó tán. Ẹnikẹ́ni kò rí i bí irọ́. Ọmọlúàbí kì í di irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́rù fún àlejò gbé relé.

"Ṣé ó ṣeé kọ́?" Láńrewájú bèèrè.

"Ó ṣeé kọ́." Inú rẹ̀ dùn fún ìṣẹ́jú kan, bó ṣe máa ń dùn nígbà tó bá rí ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣì í. "Bó bá ti mọ̀ ọ́n, á padà sẹ́yìn, á tún gbogbo ohun tó ti gbọ́ gbọ́. Gbogbo ilẹ̀ gbóná tí a ti sọ láti inú ẹ̀ẹ̀rùn, á dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tiwa, ti Ìsàlẹ̀-Odò, ti ibikíbi tí wọ́n bá ti sọ ọ́. Bí ohùn bá ti pọ̀ tó báyẹn, òfin ò ní kó ẹnikẹ́ni lọ sí Àdágbé mọ́. Abẹ́rẹ́ ni yóò máa wọlé tọ aláìsàn lọ."

"Kí ló wá kù?"

Inú dídùn náà lọ. "Ẹlẹ́rìí ló kù."

Etí kì í gba ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu lásán. Ẹni tí àrùn náà wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀, kí ó wo awọ rẹ̀, kí ó gbóòórùn èémí rẹ̀. Ọmọ tàbí òbí aláìsàn á pe orúkọ àrùn, á sì pe ọ̀rọ̀ tuntun náà tẹ̀lé e. Aláìsàn fúnra rẹ̀ á wá jẹ́rìí pé òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà, ẹlẹ́rìí náà gbọ́dọ̀ lọ sí Àdágbé kí wọ́n lè rí i dájú pé kì í ṣe ìtànjẹ, ì báà jẹ́ pé òun nìkan ló máa lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà.

Láńrewájú wo aṣọ ìkélé tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó sì yára gbójú kúrò.

"Má wo ibẹ̀," ni Ìbíyẹmí wí.

"Mi ò wí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n."

"Má wo ibẹ̀ náà ni."

"Ẹ jẹ́ kó wò ó," ohùn kan wí láti inú yàrá. "Aṣọ ìkélé kì í ṣe ògiri. Ìbíyẹmí, wọlé kí o wá sọ̀rọ̀ mi lójú mi."

Ìbíyẹmí wọ ìbọ̀wọ́, ó fa ìbòmú sókè, ó wọlé. Ìyá rẹ̀, Àṣàkẹ́, dùbúlẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú ìléròrò lójú, lọ́rùn, lápá. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ ìkòkò jù lọ ní Òkè-Amọ̀ wú bí iṣu ìgbẹ̀yìn òjò. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò tíì yí padà.

"Ẹ̀rọ yín gbọ́ pé ilẹ̀ gbóná, ó bu omi lé e," ó ní. "Kò kúkú ya dìndìnrìn. Ilẹ̀ tó bá gbóná, omi ni wọ́n ń bù lé e."

"Màámi, ẹ sinmi."

"Mo ń gbọ́ ọmọ yẹn láti ara ògiri. Lánàá, ó ń ké. Lónìí, ó ń kérora. Mo ti tọ́mọ, mo mọ ohun tó ń tẹ̀lé ìyẹn."

"Ẹ ò lọ síbì kankan."

"Ta ló sọ pé mò ń lọ?" Ó ń wá èémí. "Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo sin àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo sin àbúrò rẹ tó tẹ̀lé ọ. Ìwọ nìkan ni mo fi sílẹ̀ de ọjọ́ tèmi. Tí ẹ̀rọ bá sun mí lọ́hùn-ún tí eérú mi ò délé, kí ni mo fi yàtọ̀ sí àgàn?"

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn Ìbíyẹmí gan-an ni ìyá rẹ̀ gbé sọ yìí. Bó bá fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, òun ló sọ ọ́ di àgàn. Bí kò bá fi í sílẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Ó jókòó ti ẹní, kò lè wo òsì, kò lè wo ọ̀tún. Ìkérora náà gba ara ògiri wọlé, ó dáwọ́ dúró, àwọn méjèèjì sì dúró dè é láìmí. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Omi wà, àbí?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè. "Èyí tí àwọn àwòdì kó wá."

"Omi wà."

"Bù ú wá. Kí o wá sin mí."

"Màámi!"

"Kí ló dé? Òkú wo ló tíì mọ̀ bóyá wọ́n wẹ òun mọ́? Èmi á mọ̀. Màá lè fi ibi tí o ò dé hàn ọ́."

Láńrewájú gbé garawa omi dé ẹ̀yìn ìkélé, ó lọ dúró sójúde, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ìbíyẹmí rẹ aṣọ fẹ́lẹ́ sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó ń fi aṣọ náà gba àárín ìléròrò kọjá bí ẹni ń gba àárín ẹ̀gún.

"Ọwọ́ rọ́bà yìí tutù bí ọ̀pọ̀lọ́."

"Láńre ní mi ò gbọdọ̀ bọ́ ọ."

"Ó gbọ́n. Má bọ́ ọ." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, "O ò dé ẹ̀yìn etí."

Ó dé ẹ̀yìn etí. Ó wẹ ẹ̀yìn tó ti pọ̀n ọ́n rí. Ó wẹ ẹsẹ̀, ó gba àárín àwọn ọmọ ìka. Ó ya irun orí rẹ̀, ó di í ní ṣùkú, ó ń yẹ ibi tó ń dùn ún. Ó ṣí àpótí, ó fa aṣọ etù tí ìyá rẹ̀ ti tọ́jú pamọ́ fún ọjọ́ náà yọ, ó ró o fún un, ó wé gèlè fún un. Ó fẹ́ gbé Etí wọlé, ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́ mú.

"O ò tíì kì mí."

Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Àṣàkẹ́, ọmọ amọ̀kòkò. Ọmọ amọ̀ tutù lówùúrọ̀..."

"Gbé ohùn sókè! Ṣé òkú olè lò ń sin ni?"

Ó gbé ohùn sókè.

"Àṣàkẹ́, ọmọ amọ̀kòkò!
Ọmọ amọ̀ tutù lówùúrọ̀, amọ̀ le lálẹ́.
Ọmọ a-kì-í-ta-ìkòkò-sísán fún aláìní.
Ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀, ilẹ̀ di ohun èlò.
Ẹ fọwọ́ kàn mí, mo di ènìyàn.
Ìyá mi, ó dàárọ̀.
Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kí ẹ máa bá wọn jẹ."

Lódìkejì ògiri, Ìyá Bọ́látitó tó ń rẹ ọmọ dákẹ́ lójijì. Ìbíyẹmí kò dúró. Ó kì í títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ó tó," ni ìyá rẹ̀ wí, ojú rẹ̀ tutù. "Mo ti gba tèmi. Gbé nǹkan yẹn wá."

Ó gbé Etí sórí àpótí, ó kọ dígí rẹ̀ sí ìyá rẹ̀.

"Ta ni ẹlẹ́rìí?" ni Etí bèèrè.

"Àṣàkẹ́, amọ̀kòkò, ará Òkè-Amọ̀. Èmi ni ọmọ rẹ̀."

"Kí ló ń ṣe é?"

Láti ìgbà tí Ìbíyẹmí ti dáyé, kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ pè é rí. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Ìléròrò tó ń pa ìlú. Òun ni àwa ń pè ní ilẹ̀ gbóná."

"Ìyá, ṣé òótọ́ ni?"

Ìyá àgbà wo dígí náà bó ṣe máa ń wo oníbàárà tó ná ìkòkò rẹ̀ ní ìnákúnàá.

"Òótọ́ ni."

"Mo ti gbọ́," ni Etí wí. Iná kékeré orí rẹ̀ pa, ó sì tàn padà ní àwọ̀ pupa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn kan náà nílé Ìyá Bọ́látitó, wọ́n gbọ́ ọ lókèèrè díẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ ní gbogbo agbo ilé Òkè-Amọ̀, àwọn Etí ń sọ ọ́ tẹ̀léra wọn bí àkùkọ tó ń gba ohùn lẹ́nu ara wọn: "Mo ti gbọ́. Mo ti gbọ́. Mo ti gbọ́."

Ọkọ̀ funfun kò pẹ́ kó tó dé. Kò ní awakọ̀, kò sì pa fèrè. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, ẹní tó mọ́ wà nínú rẹ̀. Ìbíyẹmí àti Láńrewájú gbé ìyá àgbà sí i nínú aṣọ etù rẹ̀. Ìbíyẹmí rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Mo ti kú," ni ìyá rẹ̀ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Òkú kì í dágbére. Jọ̀wọ́ mi, kí o lọ gba abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọ yẹn."

Ilẹ̀kùn náà pa dé.

Ní àárín ìlú, Ilé Òtútù ti ṣí kí wọ́n tó débẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù ń ti inú rẹ̀ jáde, ó ń rùn bí amọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Láńrewájú sáré wọlé, ó kó abẹ́rẹ́ jáde, ilé Ìyá Bọ́látitó ló kọ́kọ́ yà sí. Lẹ́yìn ìyẹn ló tẹ́ tábìlì sójúde, tí àwọn ará ìlú ń jáde wá, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ti àwọn tí kò lè rìn. Ìbíyẹmí dúró tì í, ó ń ṣí àpò abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ tán ló ń kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé."

"Ẹ kú iṣẹ́, olùtọ́jú Etí."

"Ẹ ṣé."

Wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ gbé lọ kò ní ìkíni. Kì í ṣe òkú, kì í ṣe arìnrìn-àjò. Iṣẹ́ nìkan ni wọ́n rí kí i fún. Ó ń dáhùn. Ó ń ṣí àpò. Ọ̀rọ̀ náà ń bà á láyà bí òkò wẹ́wẹ́, kò sì lè bínú, nítorí inú rere ni wọ́n fi ń kí i.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Ìyá Bọ́látitó dé. Ó ti gba abẹ́rẹ́ nílé, kò sì nílò kó tò. Òógùn ti bo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ibà ti ń tú u sílẹ̀, ó sì ń sùn. Ó kọjá gbogbo èrò náà, ó dé iwájú Ìbíyẹmí, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ìbíyẹ, ara ògiri ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ròkè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "O wẹ̀ ẹ́, o wọṣọ fún un, o kì í. Ẹ kú ìsìnkú Màámi o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwa náà."

Àpò abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ìbíyẹmí. Ẹkún tí kò tíì sun láti òwúrọ̀ já, ó sì sun ún bí ọmọ tó ṣòfò ìyá ṣe ń sun ún, ó ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Láńrewájú mú àpò náà nílẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn tó wà lórí ìlà wo ara wọn. Bàbá arúgbó tó kàn bọ́ fìlà, ó na apá fún abẹ́rẹ́, nígbà tó gbà á tán, ó yíjú sí i.

"Ẹ kú ìsìnkú ìyá."

"Ẹ kú ìsìnkú," ni ẹni tó tẹ̀lé e wí, àti ẹni tó tún tẹ̀lé e, títí ìlà náà fi tán.